Àjíkẹ́ Kì í Ṣe Orúkọ Pẹ́pẹ́yẹ

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, Àlhájà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí. Kò sí ẹni tó rí mi, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú eruku ojú irin, ẹ kú àìríná, ẹ kú àìrí mi. Mo kí Làmídì àbúrò mi tó ń bá mi ṣọ́ ilé tí mo kọ́ sí Mowe. Mo kí ìyàwó rẹ̀. Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó ti Màmá lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìrun àsárì. Mo ní kí ìwé ìròyìn gbé lẹ́tà yìí jáde nítorí pé gbogbo yín ni mo fọ́nnu fún lórí fóònù. Gbogbo yín náà ni kí ẹ jọ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ara mi le, Màmá. Iṣẹ́ ń lọ. Ẹ ti mọ̀ mí, iṣẹ́ kì í kọ̀ mí. Ọmọ tó sá kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kejì, tó lọ ń lẹ túùbù kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ifọ̀, òun ló ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Rotterdam lónìí. Ní Họ́láńdì yìí, kẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn ń gùn, àti dókítà àti adájọ́. Bí kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Màá kàn yí táyà rẹ̀, màá fi etí sí i, màá sì sọ ibi tó ń dùn ún. Àwọn Òyìnbó tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn kí wọ́n tó mọ ìrìn ń tò síwájú ọmọ Ifọ̀! Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ní mi ò ní í dà bí ẹnì kan.

Òtútù ti tún dé. Òjò ibí kì í rọ̀ kó tán bíi tiwa. Ó kàn ń sẹ̀ ṣáá, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun fẹ́ sunkún tàbí òun ò fẹ́. Láti ìgbà tí ìyàwó mi, ìyá Káyọ̀dé, ti kú, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, èmi nìkan ni mo ń jẹun. Káyọ̀dé ọmọ mi àti ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ni mo ní níbí.

Káyọ̀dé yìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán lẹ́nu mi. Òun ló ń kọ orin fún ètò àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n. Nǹkan ńlá ni níbí o. Ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó jẹun, gbogbo ọmọ wẹ́wẹ́ á ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Orin tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ ni wọ́n á kọ nílé ìwé, òun ni wọ́n á kọ lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n á tà á ní sídì, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ sára ife àti báàgì. Nígbà tí Káyọ̀dé sọ fún mi pé orin òun tuntun ti gba ìlú, pé òun fi ohun kan láti ilé wa sí i, mi ò bi í pé kí ni. Àsìkò tí wọ́n ń ṣe ètò náà, mo ṣì máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò wò ó rí. Mo sáré pè yín. Ṣé ẹ rántí? Mo ní ilé wa ti wọ tẹlifíṣọ̀n Òyìnbó. Ẹ ṣàdúrà fún un títí káàdì ìpè mi fi tán.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan gbé kẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ rẹ̀ wà lórí ìjókòó kékeré tí wọ́n máa ń dè síwájú. Ó ní kí n bá òun so fèrè kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, fèrè rọ́bà tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ aláwọ̀ ìyeyè. Tí ẹ bá tẹ ikùn rẹ̀, á ké. Mo mú sípánà. Bí mo ṣe ń dè é lọ ni ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń kọrin: Àjíkẹ́, Àjíkẹ́. Mo gbójú sókè, mo rò pé ará ilé kan ló wọlé. Mo bi ìyá rẹ̀ pé ta ni ọmọ yìí ń pè. Ó rẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sí pẹ́pẹ́yẹ ọwọ́ mi. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Ó ní ọmọlangidi orí tẹlifíṣọ̀n ni, èyí tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀ nídìí, pẹ́pẹ́yẹ kan tí kò gbọ́n, tó máa ń ṣubú sódò ṣáá. Ó ní Àjíkẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Màmá, mo parí iṣẹ́ náà, torí èmi kì í gba iṣẹ́ kí n má parí rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ló so orúkọ yín mọ́ kẹ̀kẹ́ Òyìnbó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e wá. Oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pàápàá, tó bá ti ń kọjá, á tẹ ikùn ti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á juwọ́ sí mi, á pariwo Àjíkẹ́. Ó rò pé òun ń dá mi lára yá.

Ẹ̀yin mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àwọn ọmọ tí a bí síbí lè kà á. Ọmọdé kì í fi oríkì pe àgbà. Èmi tí ẹ bí, tí mo ti ní ewú lórí, mi ò fi ẹnu mi pè yín ní Àjíkẹ́ rí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi ò balẹ̀. Ẹnu bàbá mi nìkan ni mo ti gbọ́ ọ, ní ìdájí, tó bá ń wá omi àlùwàlá. Nígbà tí bàbá lọ, ẹ sọ fún mi pé kò ku ẹnì kan ní gbogbo Ifọ̀ tó dàgbà tó láti pè yín bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi fún ọmọ Káyọ̀dé ní oríkì ara yín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Lórí fóònù ni ẹ ti ń pè é, ẹ ń pè é. Káyọ̀dé wà níbẹ̀. Òun ló di fóònù mú sétí ọmọ.

Mo lọ bá a nílé. Mi ò tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Ó ní kí n má bínú, pé ìfẹ́ ló mú òun fi orúkọ náà pe pẹ́pẹ́yẹ nínú orin òun, pé kò sí ohun tí àwọn ọmọ ibí fẹ́ràn tó pẹ́pẹ́yẹ náà. Mo ní ṣé ìfẹ́ náà ló ń tì í sódò? Ó ní àwàdà ni. Mo ní kó pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Ó ní ó ti kúrò lọ́wọ́ òun, ti ilé iṣẹ́ ni. Mo bi í bóyá ilé iṣẹ́ ló bí i. Ìgbà yẹn ló wá sọ èyí tó pa mí: ó ní ẹ̀yin mọ̀ sí i. Ó ní tí òun bá ń bọ̀ wálé fún Iléyá, òun á gbé kámẹ́rà àti pẹ́pẹ́yẹ náà dání, kí ẹ̀yin àti pẹ́pẹ́yẹ náà jókòó pọ̀ lórí ẹní kan, kí àwọn ará Họ́láńdì lè wò yín. Ó ní ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kò burú.

Bí mo ṣe ń jáde lọ, ọmọ náà sáré wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi oríkì pè é. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀, á kúnlẹ̀, á gbé orí lé mi láyà. Lọ́jọ́ yẹn, ó ká apá méjèèjì mọ́ ìhà, ó ń jù wọ́n fìrìfìrì, ó ké bíi pẹ́pẹ́yẹ, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ó wá ń wojú mi, ó ń retí kí n rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́, Màmá. Èmi tí mo rán yín lọ sí Mẹ́kà, èmi tí ọ̀gá kankan kò rẹ́ jẹ rí nílẹ̀ àjèjì, inú ilé mi ni wọ́n ti rẹ́ mi jẹ.

Mi ò mọ ohun tí Káyọ̀dé sọ fún yín. Tó bá ní wọ́n fẹ́ ya fíìmù yín, tí kò sọ pé pẹ́pẹ́yẹ ni ẹ máa bá jókòó, ó tàn yín bó ṣe tàn mí. Tí ẹ bá mọ̀, tí ẹ sì gbà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Á dùn mí, ṣùgbọ́n oríkì yín ni, kì í ṣe tèmi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Tí wọ́n bá dé, ẹ mú ọmọ náà wọ ìyẹ̀wù ní ìdájí, àsìkò tí bàbá máa ń pè yín. Làmídì, dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí kámẹ́rà má wọlé. Màmá, ẹ pè é. Tó bá kọ́kọ́ ké bíi pẹ́pẹ́yẹ, ẹ má nà án, kò mọ̀. Ẹ tún un pè. Ẹ máa pè é títí á fi kúnlẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, pẹ̀lú ìlera àti ojú tó ń ríran. Á jẹ́ kí ẹ fi etí yín gbọ́ ire gbogbo wa. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ kí ará mọ́ṣáláṣí, ẹ kí ará Mowe. Ẹ bá mi kí Káyọ̀dé náà tó bá dé, torí èmi kò tíì lè kí i.

Èmi ni Àjàní, bí ẹ̀yin nìkan tó kù ṣe ń pè mí,
ọmọ yín.