Òróró Tí Yóò Dé Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì

Ìyá mi kékeré,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, ewúrẹ́ tó máa ń jẹ pákó mi ti bímọ, àwọn ọmọ náà sì ti ń jẹ pákó. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, o ò ní kàgbákò.

Fọ́tò tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ wa, ṣùgbọ́n mo ti dá a padà. Má bínú. Mo wò ó títí, mi ò rí àmì dúdú tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ, èyí tí ìwọ àti ìyá mi jọ ní, tí mo fi ń pè ọ́ ní ìyá mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ nìyí, kí awakọ̀ tètè gbé e lọ kí àwọn òbí rẹ̀ tó máa dààmú. Ìyá rẹ ní ìwọ ni, pé àtíkè lo fi bò ó. Mo ní àtíkè wo ló nípọn tó bẹ́ẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ọ̀dà tí mo fi ń kun ilẹ̀kùn.

Aránṣọ tó wà lọ́kàánkán ilé wa ló la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ó ní o wà nínú fóònù òun, o ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi òróró nu àtíkè kúrò lójú. Mo sáré wọ ẹ̀wù ná, kí o má baà bá mi láìwọ̀wù níwájú èrò, nítorí ó ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti wò ọ́. Ṣé yàrá rẹ gba gbogbo wọn? Ṣé wọ́n tiẹ̀ bọ́ bàtà? Mo kí ọ, o ò dáhùn, mo tún kí ọ, o kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹnu iṣẹ́ lo wà. Nígbà tí òróró kan tìróò ojú rẹ, tí omi dúdú ń ṣàn wálẹ̀, mo pariwo pé ta ló lù ọ́, aránṣọ sì ní kí n fara balẹ̀.

Lo bá fi aṣọ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ojú ọmọ mi sì yọ. Inú mi dùn. Mo wá ń dúró de ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. O ò kàn án. O rẹ́rìn-ín, o juwọ́, ó parí. Ìyá rẹ dìde, ó lọ wá àgbọn. Èmi ní òróró ló tán.

Ìdí tí a fi fi ìgò yìí ránṣẹ́ nìyẹn. Àdín àgbọn ni, ìyá rẹ ló sè é fúnra rẹ̀. Ó ní kí o má kọ́kọ́ fi omi kan ojú, kí o da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí o fi ọwọ́ ra ọwọ́ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí o fi pa ojú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà kí o rẹ aṣọ sínú omi tó gbóná díẹ̀, kí o fi nù ún. Òótọ́ ló sọ. Òróró lèmi náà fi ń bọ́ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́, omi lásán kì í ká a. Ìgò náà kún dé ọrùn, yóò dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ọkùnrin tí o ní o ń mú bọ̀ wá wò wá. Ojú rẹ wo ló mọ̀? Mi ò ní kí o má ṣoge, ìyá mi náà máa ń lé tìróò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ni yóò máa jí rí ọ láràárọ̀. Mo rántí bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń fi ọ́ ṣẹ̀sín, tí wàá fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí. Àmì yẹn ni mo fi ń dá ìyá mi mọ̀ láàárín èrò nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ti rí i, ọkàn mi á balẹ̀. Jọ̀ọ́, jókòó ti ọkùnrin náà, kí o fi òróró yìí nu ojú rẹ lójú rẹ̀.

Tó bá dúró tì ọ́, fi owó pákó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n kan àga kan sí i sí pálọ̀ kí ẹ tó dé. Tó bá gbé ojú sá, má fi owó kankan ránṣẹ́. Àga tìrẹ ṣì wà níbi tó o fi í sí, a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí ẹ̀. Máa bọ̀ nílé. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi bàbá rẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà.