Gbogbo Gbèsè Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Kánsílọ̀

Ìgàndò,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, 1976.

Olúfúnkẹ́ ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí àìsàn. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́, àfi orúnkún tí kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, àti àárẹ̀, bí mo bá jókòó tán, dídìde a di ogun. Òrùlé ilé ìdáná ìyá rẹ ti ń jò. Adìẹ rẹ funfun kú, mi ò ní purọ́ fún ọ, èmi ni mo pa á jẹ.

Àwọn àgbà ìlú ní kí n wá ṣe kánsílọ̀ wa. Mi ò bẹ̀ wọ́n o. Wọ́n ní èmi ni mi ò ní kó owó ilé ìwòsàn tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún jẹ, nítorí pé gbígbé aláìsàn gba ọ̀nà Ìkọ̀tún ti sú gbogbo wa. Ìwọ náà mọ ohun tí ojú ìyá rẹ rí lọ́nà yẹn kó tó kú.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo gbé e sábẹ́ Bíbélì fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n bi mí nínú rẹ̀ pé owó-orí ọdún wo ni mi ò tíì san, àti pé ta ni mo jẹ ní gbèsè. Fúnkẹ́, inú mi dùn! Rédíò ti ń sọ pé owó epo pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti gba Údójì, àfikún owó oṣù yẹn, ìwọ fi tìrẹ ra fáànù. Mo ní Údójì àwa àgbẹ̀ ló dé yìí, àbí ta ní ń béèrè gbèsè ẹni bí kò bá fẹ́ bá ni san án? Ni mo bá kọ gbogbo rẹ̀. Mo kọ owó-orí ọdún mẹ́ta tí oògùn ìyá rẹ gbé lọ. Mo kọ owó pósí rẹ̀ tó kù tí n ó fún Zacchaeus kápẹ́ńtà. Mo kọ owó èlùbọ́, mo tún kọ gbèsè tí bàbá mi jẹ kó tó kú, kí ìjọba lè san án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè ò tó, mo fi òwú rán ojú ìwé méjì mọ́ ọn.

Akọ̀wé tó gbà á rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹni tó bá jẹ owó-orí tàbí gbèsè kò lè di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú, pé ẹni tí kò san tirẹ̀, ta ni yóò gbé àpò ìlú lé lọ́wọ́? Mo ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Táyéwò tó ń bá mi dupò, tó jẹ gbogbo abúlé yìí ní gbèsè títí kan owó ọṣẹ, òun kọ ọ́ pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni, fọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ tónítóní. Akọ̀wé fún mi ní tuntun, ó ní kí n san owó-orí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí n sì kọ “kò sí” síbi gbèsè.

Zacchaeus fúnra rẹ̀ wá lánàá. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, kí n wọlé ná, kí n wá san owó òun lẹ́yìn. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé nínú owó wo? Mo mú bírò, ọwọ́ mi kọ̀.

Mo ti fi iṣu san àwọn gbèsè kéékèèké. Ó ku ọgbọ̀n náírà: méjìdínlógún fún owó-orí, méjìlá fún Zacchaeus. Sọ fún ọ̀gá bánkì tó ń bá ọ tọ́jú owó pé bàbá rẹ ló rán ọ. Bí owó tìrẹ gan-an bá ti wọ inú ti ẹlòmíràn, a ò ní bá a jà, kó fún wa ní èyí tó bá jọ ọ́.

Bí ọgbọ̀n kò bá sí, fi méjìlá yẹn ránṣẹ́ jàre, kí Táyéwò máa ṣe kánsílọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mi ò jẹ ẹnikẹ́ni, nígbà tí ìyá rẹ ń sùn nínú igi tí mi ò tíì san owó rẹ̀ tán.

Ọmọ tìrẹ náà yóò tọ́jú rẹ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ.

Èmi bàbá rẹ,
Julius Ọdẹ́tọ́lá.