Ìyá Rẹ àti Fíìmù Abanilẹ́rù Ilé Isidore

Datcha, ọjọ́ Ajé

Sabine ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ aṣọ rírán ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú àgbàlá kan náà ní Lomé ńkọ́? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ kò ní gbàgbé láti mú ọ wọlé. Ẹni tó bá ń wá ibi kiri kò ní mọ ojúlé tí ò ń gbé. Oníbàárà tó bá gbé aṣọ wá kò ní sọ pé ọrùn rẹ̀ fún òun. Àmín.

Àwa náà wà. Iṣu tí a gbìn sí ọ̀nà Agbonou ti gun igi, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ẹsẹ̀ Arsène àbúrò mi ti san, ó ti ń wọ bàtà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ Arsène ni mo torí rẹ̀ mú báírò. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni.

O lè má rántí Isidore, ọmọ Ògúnlàdé, torí ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà tó lọ ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Lomé. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sílé láti ìgbà ìkórè àgbàdo, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n kan bọ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, pẹ̀lú páànù kan tó ń gba iná lọ́wọ́ oòrùn. Kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, Isidore yìí kan náà ló máa ń ru igi ìdáná lọ fún ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ, torí òun náà fẹ́ fi í ṣaya. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí torí pé kò sí ìdí kankan láti sọ ọ́. Nísinsìnyí ìdí ti wà.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti Mísà dé tí a sì ti jẹun ọ̀sán, Isidore á fi aṣọ tó nípọn dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ títí yàrá á fi ṣókùnkùn nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn níta, á wá máa fi fíìmù abanilẹ́rù han àwọn èèyàn. Ó ní láti òkè ni òun ti ń fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú fóònù òun. Mo ti dúró ní àgbàlá wa lẹ́ẹ̀mejì, mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí, mi ò rí ẹyọ kan kó kọjá. Bóyá apá Atakpamé ni wọ́n ń gbà.

Ìyá rẹ kò pa ọ̀kan jẹ rí. A á jókòó jẹun, á bẹ̀rẹ̀. Ó ní fíìmù tó bá ti fi ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, pé òun ti pa adìyẹ kọjá kí ẹ̀jẹ̀ máa ba òun lẹ́rù. Ó ní ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù ni kí ilẹ̀kùn rọra ṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé. Ó ní orin tí wọ́n ń fi sí i máa ń ṣófófó, tó bá ti ń ké wíín báyìí, gbogbo ayé ti mọ̀ pé apààyàn ti dé ẹ̀yìn fèrèsé, àfi ẹni tó wá pa nìkan. Èyí tó fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ti pa ẹnì kan ṣáájú, tí gbogbo ará ilé sì ń purọ́, tí òun á máa wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí òun á fi mọ ẹni tó ṣe é. Sabine, ó pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fẹ́ ìyá rẹ, mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí lórí ohunkóhun tó jẹ́ tèmi.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé tí fíìmù bá parí, Isidore á yíjú sí i níwájú gbogbo èèyàn, á ní kó sọ bó ṣe rí i. Ó ní ní gbogbo Datcha yìí, òun kò rí ẹni tó mọ fíìmù bíi Fọlákẹ́. Fọlákẹ́ ló pè é. Kò pè é ní ìyá Sabine.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ilé iṣẹ́ fóònù ní kí n wá tún nọ́ńbà fóònù mi kọ sílẹ̀. Mo gun zẹ́mì, alùpùpù tó ń kó èrò, lọ sí Agbonou, mo di ẹni tó wà á mú. Vanessa tó ń ta káàdì fóònù ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù. Ó béèrè orúkọ, mo ní Ìgè. Ó béèrè iṣẹ́, mo ní àgbẹ̀. Ó wá béèrè bóyá mo níyàwó. Mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná títí di ọjọ́ Àìkú. Ó ní ẹ̀rọ kò ní gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ló kan ẹ̀rọ nínú ọ̀rọ̀ ilé mi.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, mo wọ aṣọ tí o rán fún mi ní ọdún Àjíǹde, mo tẹ̀lé ìyá rẹ lọ. Bí a ṣe wọlé báyìí, àga méjì ló wà níwájú, àga tó ní apá. Isidore jókòó sí ọ̀kan, ó nawọ́ sí èkejì, ó ní ibi tí ìyá rẹ máa ń jókòó nìyẹn. Ó fi bẹ́ńṣì tó wà lẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, hàn mí. Èmi àti àwọn ará Agbonou mẹ́ta la jọ há mọ́ ọn.

Fíìmù náà, obìnrin kan ló yá ilé. Oúnjẹ tó bá sè sílẹ̀, á dín kù. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ lókè àjà. Mo ní kó lọ sílé bàbá rẹ̀. Kò gbọ́. Mo tún un sọ sókè. Ìyá rẹ yíjú padà, ó ní kí n dákẹ́, níwájú Isidore. Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí nìyẹn, àwọn èèyàn inú wọn kò ní ará. Èèyàn á gbọ́ ariwo, á mú tọ́ọ̀ṣì, á dá nìkan lọ bá a. Ní Datcha níbí, tí o bá pariwo ẹ̀ẹ̀kan, agboolé mẹ́rin á ti jáde.

Nígbà tó yá, orin dákẹ́. Ọwọ́ kan yọ láti òkè àjà, ọwọ́ funfun, ó ń rọra bọ̀ lórí irun obìnrin náà. Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Fèrèsé ni mo rò pé ó jẹ́ ilẹ̀kùn. Aṣọ tí wọ́n fi dí i já lé mi lórí, mo gbé e sáré jáde sí àgbàlá, oòrùn sì wọ inú yàrá yẹn gbágá. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ará Agbonou. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mò ń dúró kí ìyá rẹ wá wò mí. Kò wá. Wọ́n tún aṣọ so, ó wo fíìmù náà dé òpin.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ karùn-ún, a ń bó ẹ̀gẹ́ lóko, ó béèrè ohun tó ń ṣe mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, igi ìdáná, àga, orúkọ tó ń pè é. Mo ní kó sọ fún mi tó bá jẹ́ pé ọkùnrin tí ọwọ́ lè yọ sí tí kò ní sáré ló ń fẹ́.

Sabine, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Isidore kì í wo fíìmù náà rárá. Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òun ti rí i, tí nǹkan bá ti fẹ́ yọjú, Isidore á dijú pinpin, á di apá àga mú, títí gbogbo rẹ̀ á fi kọjá. Ìdí tó fi ń ní kí òun sọ bí òun ṣe rí i nìyẹn. Kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ ẹni tó kú ni. Ó ní òun kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan torí pé ojú á tì í.

Mo bi í pé ta ló wà lókè àjà. Ó ní ọkọ obìnrin náà ni, tí wọ́n ti sin. Ó ní òun ti mọ̀ láti ibi ọbẹ̀, torí pé ẹran nìkan ló ń dín kù, ata kì í dín kù, ọkùnrin náà kì í sì í jẹ ata. Ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, lórí ilẹ̀ oko wa, mo sì ń bẹ̀rù ju ti ilé Isidore lọ, ṣùgbọ́n mi ò sáré.

Ní báyìí, mo ti bẹ̀ ẹ́ pé tí Isidore bá béèrè, kó sọ fún un pé ẹnì kan kú, kó dákẹ́ síbẹ̀, kó kó ìyókù wá sílé. Ó ní òun á rò ó.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ ní kí o ra tẹlifíṣọ̀n fún wa. Mo tún un rò. Tó bá wà nílé wa, Isidore á máa wá jókòó. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí káfíńtà lè kan bẹ́ńṣì kan fún mi, èyí tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ, tí mo lè gbé lọ síwájú nílé rẹ̀. Tí ọwọ́ bá ń bọ̀, èmi náà á dijú, ìyá rẹ á sì máa sọ ọ́ sí mi létí. Jọ̀wọ́ má fi owó náà gba inú fóònù mọ́. Èyí tó kọjá, fóònù sọ pé mo ti gbà á, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ tí o fi ń ránṣọ. Ọkọ rẹ á máa pè ọ́ ní orúkọ tó dùn, kò ní sí ẹlòmíràn tí yóò máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ.

Ìyá rẹ kí ọ. Isidore náà ní kí n kí ọ, mi ò bá a jẹ́ iṣẹ́ náà.

Èmi bàbá rẹ,
Ìgè