Màmá, Ẹ Jẹ́ kí Rọ̀fí Jẹun Nílé Màmá Páúlínà

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ìsàlẹ̀ Gángan l'Ékòó níbí. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Lásísì àbúrò mi, ìwọ tí o máa ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí, mo kí ọ. Jọ̀ọ́, rọra kà á, má fo ibì kankan, má sì fi tìẹ kún un. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Bàbá Ìmáàmù, mo kí gbogbo agboolé wa ní Ìṣẹ́yìn.

Màmá, ẹ má bínú pé mo kọ ọ́ síta gbangba. Mo ti gbìyànjú títí láti bá yín sọ ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá ti dárúkọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí mo fi ọmọbìnrin mi sí, ẹkún lẹ máa ń bú sí, ẹ ó ní kí n gbé Rọ̀fí wá fún yín, ẹ ó sì ti gbé fóònù fún Lásísì. Kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu lẹ́tà. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí tó ti ìlú òkè wá síbí, irú ẹ̀rù tó ń bà mí ló ń ba àwọn náà.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ, a dúpẹ́. Yunifọ́ọ̀mù iléèwé ló kún ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò Èkó kì í wọlẹ̀ lọ bíi ti Ìṣẹ́yìn, ojúde ló máa ń jókòó sí bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ìyàwó mi ń bá ọ̀gá rẹ̀ ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, àwa méjèèjì kì í sì í délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Rọ̀fí ti máa ń dé láti iléèwé lọ́sàn-án. Ẹ ro gbogbo àkókò tó wà láàárín yẹn, Màmá. Èmi ń rò ó lójoojúmọ́, débi pé mo máa ń fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá ṣìwà hù ní òpin àdúgbò wa, ẹni tó rí mi á ti gbá mi létí, ìròyìn á sì ti dé etí yín kí n tó délé. Níbí, àwọn onílé wa ò burú, ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n ń kí wa láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ilé baba tiwọn ni, àyálégbé ni wá. Ta ló fẹ́ bá àyálégbé na ọmọ? Àwọn ọmọkùnrin kan sì wà ní kọ́nà wa tí wọn ò níṣẹ́, tí wọ́n ń rán ọmọ iléèwé ní sìgá, tí wọ́n á fún un ní bísíkíìtì, tí yóò sì di tiwọn díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi orúkọ pe Rọ̀fí, mi ò fojú kan oorun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un lọ sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Bùkọ́lá ló ń darí rẹ̀, inú ọgbà iléèwé ni wọ́n sì ń pàdé. Wọ́n á ṣe iṣẹ́ iléèwé tán, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á kó pàǹtírí kúrò nínú gọ́tà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì gba àgbàlagbà kan tó ń dá gbé, tí yóò máa pọnmi fún, tí yóò máa bá gbálẹ̀. Ẹni tí Rọ̀fí gbà ni Màmá Páúlínà ní Lafiaji. Ọmọ Àgùdà ni, ìran àwọn tó ti ilẹ̀ Bùràsílì padà wálé. Òun nìkan ló ń gbé lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Èmi fúnra mi lọ wo àtẹ̀gùn ilé náà, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó gbà.

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ọmọ yín ní Lafiaji. Lọ́jọ́ kan tí òjò dá a dúró, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìdí àtẹ̀gùn ló pè mí lórí fóònù pé kí n má jáyà, pé ọ̀dọ̀ òun ló wà. Màmá, mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹlòmíì bá mi wo ọmọ.

Gúùdù Fúráídè ló dà á rú. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn Àgùdà máa ń se fúréjọ̀n, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Wọ́n á fi ẹja jẹ ẹ́, wọ́n á sì bù ú fún aládùúgbò gbogbo, Kristẹni àti Mùsùlùmí. Màmá Páúlínà ò sè é mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Lọ́dún yìí, ó ní òun á sè é nítorí Rọ̀fí, àwo àkọ́kọ́ ló sì bù fún un. Rọ̀fí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní òun ti yó. Ìyá náà fi ṣíbí bù ú tọ́ wò lójú rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Rọ̀fí kọ̀. Ìyá náà ní kó gbé e lọ sílé, Rọ̀fí tún kọ̀.

Ó dun ìyá àgbà náà wọra. Ó ránṣẹ́ sí Àǹtí Bùkọ́lá pé kí ọmọ yẹn má wá mọ́, pé ó jọ pé àwa òbí rẹ̀ ti kọ́ ọ pé oúnjẹ Kristẹni ò mọ́. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, tí wọ́n ti ń bá ara wọn jẹ Iléyá àti Kérésìmesì láti ayé baba ńlá wọn! Ojú tì mí. Kí n tó lọ bẹ̀ ẹ́, mo bi Rọ̀fí ohun tó fà á. Màmá, ẹ̀yin ló dárúkọ.

Ó ní nígbà Iléyá tó kọjá, ẹ pe òun sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ fa òun létí jẹ́jẹ́, ẹ ní òun ò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni l'Ékòó, kí gbọ́mọgbọ́mọ má baà gbé òun lọ. Òun sì ṣèlérí. Mo ní èmi bàbá rẹ̀ yọ̀ǹda kó jẹ. Ó wò mí tìyanu tìyanu, ó ní ṣé kì í ṣe ẹ̀yin Màmá lẹ bí mi ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ yí ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ? Ẹ̀kọ́ tí ẹ fi tọ́ mi ló fi dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo ròyìn fún Màmá Páúlínà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní ìyá ìyá òun náà fa òun létí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò bínú mọ́, kí n kí yín. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ tí kò lè jẹun nílé òun máa pọnmi fún òun, òun ò gba ọmọ ọ̀dọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà, òun á tún se fúréjọ̀n, ìbáà jẹ́ oṣù wo.

Láti ìgbà náà, Rọ̀fí ò lọ sí ẹgbẹ́ mọ́. Àǹtí Bùkọ́lá fẹ́ fún un ní àgbàlagbà mìíràn, Rọ̀fí ní Màmá Páúlínà ni tòun. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí lọ́sàn-án báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kọ́nà yẹn na bísíkíìtì sí i, kò gbà á, nítorí yín náà ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìyẹn, mo dúpẹ́ gan-an. Torí náà, mi ò ní kí ẹ mú gbogbo òfin yín kúrò. Ilé kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ yọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Ọmọ tí kò ríbi lọ, ìgbà mélòó ni yóò kọ bísíkíìtì?

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n gbé e wá, ẹ ó sì tọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni n ó ti máa gbọ́ ohùn ọmọ mi, bí ẹ ti ń gbọ́ tèmi. Ẹ ń bẹ̀rù pé Èkó ti gba ọmọ yín. Ẹ wò ó, Ìṣẹ́yìn lẹ wà tí ọmọ fi kọ oúnjẹ ní Lafiaji.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, òun ni kí ẹ sọ ọ́ fún, kì í ṣe èmi. Láti ìgbà tó ti gbọ́ pé mò ń kọ̀wé sí yín, kò jẹ́ kí fóònù mi kú mọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹun Rọ̀fí nílé ọkọ rẹ̀, eyín yín á sì lè rún un. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, Rọ̀fí náà kúnlẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Múfútàù