Ẹnu Mi Kò Fẹ́ Pè É

Hampton, Georgia.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ìgboro Atlanta kò fún ọ lọ́rùn jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ lójú títì márosẹ̀ ọ̀hún kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní efinrin tí òun gbìn sẹ́yìnkùlé hù dáadáa, àwọn àgbọ̀nrín sì jẹ ẹ́ dáadáa. Abúlé wa níbí wà bó ṣe wà, àfi àwọn eléré mọ́tò tó dé lópin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń sáré yípo láti àárọ̀ di alẹ́ láìdé ibì kankan. Mo ń wò wọ́n, mo rántí ara mi.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Mi ò fọkàn tán ẹnu mi mọ́ ni. Òun ló kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ rò fún ọ yìí, nítorí náà mo ní kí ọwọ́ bá mi ṣe é.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Fairburn ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó tiẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí yẹn ra ẹ̀rọ tó ń gbé páálí fúnra rẹ̀, wọ́n wá kó àwa tí a ń gbé páálí jọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n fún wa ní kéèkì, wọ́n ní ká máa lọ. Mo jẹ kéèkì náà. Mo tún gbàdúrà fún ọ̀gá, torí mo rò pé àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Aunty Joanna, nọ́ọ̀sì inú ìjọ wa, ló sọ fún ìyá rẹ pé ìjọba máa ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lówó díẹ̀ títí yóò fi rí òmíràn, ṣùgbọ́n pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò máa jábọ̀ fún wọn, yóò sì máa fi hàn pé òun ń wá iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òun ló bá mi ṣe é, owó wọlé. Mo ní kó fi ìyókù sílẹ̀ fún mi, ṣebí mo kàwé.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Bàbá mi kò gbà kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa fẹnu ara rẹ̀ pe àìní. Kódà bí ìkòkò bá ṣófo, a dúpẹ́ la máa ń sọ. Pásítọ̀ wa náà ní ohun tí a bá fẹnu wa sọ ni yóò ṣẹ. Ìbéèrè ìjọba wá jáde lórí kọ̀ǹpútà, ó ní ṣé mo ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Kí n fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ pé rárá? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ní orúkọ Jésù. Ó bi mí pé èló ni mo gbà, mo fi iye tí mo ti ń tọrọ nínú àdúrà síbẹ̀, torí èmi kì í bá Ọlọ́run ná ọjà. Ó ní ta ni mo lọ bá fún iṣẹ́. Mo kọ Olódùmarè, mo fi àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì àti nọ́ńbà fóònù pásítọ̀ sí i.

Ìjọba gbà mí gbọ́ ju bí mo ṣe gba ara mi gbọ́ lọ. Wọ́n kọ̀wé pé ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ kò nílò ìrànlọ́wọ́. Mo ka lẹ́tà náà sókè, mo ní àmín! Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó tún un kà, ó jókòó. Pásítọ̀ náà ní ẹnì kan pe òun, tó ń béèrè Ọ̀gbẹ́ni Olódùmarè. Pásítọ̀ ní kò síbi tí Olódùmarè kò sí. Wọ́n ní tó bá ti dé, kó pe àwọn padà.

Lọ́jọ́bọ̀, Aunty Joanna fi mọ́tò gbé mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Obìnrin tó dá wa lóhùn bọ̀wọ̀ fún mi gan-an. Ó bi mí bóyá mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ní a dúpẹ́. Ó tún bi mí. Mo ní Ọlọ́run ń ṣe é. Ó kọjú sí Aunty Joanna, ìyẹn ní Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Rẹ̀mílẹ́kún, òógùn bò mí nínú atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù. Mo wá sọ ọ́ pé mi ò níṣẹ́. Ojú tì mí, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Mo ń retí kí àjà já lù wá. Obìnrin náà ní ó ṣeun, ó tẹ nǹkan síbẹ̀, ó ní àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, owó náà lè padà bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n yóò pẹ́ díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Onílé kò lè dúró di ìgbà yẹn. Bí agbára rẹ bá ká a, jọ̀wọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ kún owó ilé oṣù yìí, kí wọ́n má baà lé wa jáde. Èmi bàbá rẹ ni mo ń tọrọ o, èmi tí mo máa ń ní kí o má ṣèyọnu.

Àmọ́ ohun kan wà lọ́kàn mi. Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, o gbé e kíákíá, ìwọ tí kì í gbé fóònù lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ. Mo ní iṣẹ́ ńkọ́, o ní a dúpẹ́, Daddy, ó ń lọ. Ọmọ mi, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìdáhùn yẹn. Bí tìrẹ bá ń lọ bí tèmi ṣe ń lọ, má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Máa bọ̀ nílé. Iṣu wà, yàrá rẹ ṣì wà, Aunty Joanna á sì gbé àwa méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì. Sọ ọ́ fún mi lákọ̀ọ́kọ́, kò ní pa ọ́. Mo ti sọ ọ́, mo ṣì ń jẹun.

Ọlọ́run á rẹ̀ ọ́ lẹ́kún bí o ṣe rẹ̀ mí lẹ́kún. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọ, èyí tó dára jù ú lọ á ṣí fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí,
Ọlátẹ́jú.