Kọ̀ǹpútà Ọlọ́pọlọ Méjì Inú Yàrá Wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú ètò rédíò wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí.

Kọ̀ǹpútà ràgàjì tó ń bá gbogbo ọ́fíìsì wọn ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni ọkọ mi gbé sínú yàrá wa, ó ní ọpọlọ méjì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń bá ẹ̀rọ ronú, ló wà nínú rẹ̀. Géèmù ìgbà kékeré rẹ̀ ló ń fi gbá. Géèmù ọ̀hún kì í sì í lò ju ọpọlọ kan lọ. Èkejì kàn jókòó bí àlejò! Fáànù inú rẹ̀ ń bú ramúramù tọ̀sán-tòru, kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Lọ́sàn-án àná, inú bí mi, mo pa ẹ̀rọ náà. Ha! Ọmọ wa jòjòló figbe ta. Mo pọ̀n ọ́n, mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó kọ̀ jálẹ̀. Àṣé ariwo yẹn lorin tó fi ń sùn látọjọ́ tí a ti bí i.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi tan ẹ̀rọ náà padà. Ọmọ sùn fọnfọn, bàbá rẹ̀ ń gbá géèmù lọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí: níbo lèmi fẹ́ sùn sí?