Eérú Ìdí Ààrò àti Ìwọ́ Ọmọ

Bùọ̀dá Yínúsà,

Ẹ má bínú, n kò lè dúró kí ẹ ti gáréèjì dé. Mọ́tò Adó ti fẹ́ gbéra, ìdánwò wa lórí ẹ̀kọ́ kòkòrò àrùn sì ni tòní.

Ẹ má jẹ́ kí Ìyá Àgbà fi nǹkan kan sí ìwọ́ ọmọ yín. Láàárọ̀ yìí mo bá a tó ń fi epo po eérú tó gbá ní ìdí ààrò. Mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á nù. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bóyá ó ti fi sí i lánàá, n kò mọ̀. Ẹ bá mi bi ìyàwó yín, ẹ̀rù ń bà mí láti bi í.

Ìyá Àgbà ní iná ti sun eérú, ó ti mọ́. Kò mọ́ o! Kòkòrò kan wà nínú erùpẹ̀ tó gbá mọ́ ọn, a máa sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo bí ẹ̀pà, títí yóò fi rí ojú egbò wọ̀.

Sípíríìtì àti òwú tí ẹ ó fi nu ìwọ́ náà wà lójú fèrèsé. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa. Bí ẹnu ọmọ bá le tí kò lè fa ọmú, ẹ má dúró dè mí, ọsibítù Ìjerò ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìyá Àgbà á sọ fún yín pé òun ló tọ́jú ìwọ́ gbogbo wa. Òótọ́ ni. Ó tọ́jú ti àbúrò tó tẹ̀lé yín náà, èyí tí ẹnu rẹ̀ dì pa kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí fún un. Ẹ kàn gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Rónkẹ́